Ṣé tọ́bò lè dín owó epo ọkọ̀ yín kù? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, agbára káká lẹ fi máa rí onímọ́tò ní Nàìjíríà tí kì í ṣírò iye lítà tó ń wọ inú táńkì rẹ̀.

Epo bẹntiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 617 náírà ní oṣù Keje ọdún náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ìnira náà kò sì mọ sí Nàìjíríà nìkan. Àwọn tó ń ra kpayo inú ìgò lẹ́bàá títì ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ náà rí i pé owó rẹ̀ gbéra sókè, nítorí Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e wọlé.

Nínú gbogbo ìnira yìí, ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń sáré máa ń gbé fún ara wọn: pé tọ́bò ni àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé fi ń ṣọ́ epo jẹ, nítorí náà, ẹni tó bá ra tọ́bò àlòkù ní ọjà Ládípọ̀, tó sì so ó mọ́ Corolla rẹ̀, yóò rí agbára sí i, yóò sì tún rí owó epo fi pamọ́.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ Corolla yẹn.

Ẹwìrì inú ọkọ̀

Ẹni tó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí ti mọ iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ kí iná le, ẹwìrì ló máa ń fín sí i. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ló ń mú kí èédú jó kíkankíkan. Ṣùgbọ́n bí ẹwìrì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni èédú ṣe ń tán tó.

Tọ́bò dà bí ìkarawun ìgbín méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Àgbá kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, irin tín-ín-rín kan ló sì so méjèèjì pọ̀. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì lọ sí sáléńsà ló ń yí àgbá àkọ́kọ́. Bí ìyẹn ti ń yí ni ìkejì ń yí, tó ń fa afẹ́fẹ́ ìta, tó sì ń kì í wọ inú ẹ́ńjìnì. Wọ́n lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Alfred Büchi, ẹnjinníà ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀rí fún èrò náà ní ọdún 1905.

Bẹntiróòlù kìlógíráàmù kan nílò afẹ́fẹ́ tó tó kìlógíráàmù 14.7 kó tó lè jó tán dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí tọ́bò bá ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ da epo púpọ̀ lé e. Epo púpọ̀ yẹn ni agbára tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fò síwájú. Tọ́bò fúnra rẹ̀ kò ní agbára kankan tó gbé pamọ́ sí ibì kan.

Kí ló wá dé tí àwọn ọkọ̀ tuntun onítọ́bò kì í fi í jẹ epo púpọ̀?

Ẹ wo ẹni tó gbé ìkòkò ìnáwó kaná láti fi se ẹyin méjì. Ẹyin á jinná, ṣùgbọ́n igi tó jó láti mú ìkòkò gbóná pọ̀ ju èyí tó se ẹyin lọ. Bí ẹ́ńjìnì ńlá ṣe rí nìyẹn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí títì tó tẹ́jú kò nílò ju ìdá díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì náà á sì máa fi epo ṣòfò lórí fífa afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tọ́tù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, àti lórí yíyí irin rẹ̀ tó wúwo.

Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe ni pé wọ́n pààrọ̀ ìkòkò. Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ẹ́ńjìnì tó pè ní EcoBoost ní ọdún 2009. Ní ọdún 2011, ẹ́ńjìnì lítà 3.5 oní-V6 tó ní tọ́bò wọ inú F-150, ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti máa ń fẹ́ V8 fún. Honda náà fi ẹ́ńjìnì lítà 1.5 tó ní tọ́bò sínú Civic ti ọdún 2016. Ẹ́ńjìnì kéékèèké yìí ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tọ́bò á sì wá ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gun òkè tàbí kọjá tírélà.

Ohun tó dín epo kù níbẹ̀ ni kíkéré tí ẹ́ńjìnì kéré. Tọ́bò kàn jẹ́ kí kíkéré náà ṣeé fara dà ni. Ẹni tó bá so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnì lítà 1.8 tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tíì pààrọ̀ ìkòkò. Ìkòkò ìnáwó ọ̀hún náà ṣì ni, ó kàn wá fi ẹwìrì kún iná abẹ́ rẹ̀.

Ti ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ díẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní ihò tọ́tù tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju epo lọ kì í sì í pa á lára, kódà ó ń jẹ́ kí epo jó mọ́lẹ̀ kanlẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí tọ́bò fi tètè rí ibùjókòó nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Mercedes gbé 300SD jáde ní ọdún 1978. Peugeot, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa nítorí 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, gbé 604 onídísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò jáde ní ọdún 1979. Ẹni tó bá fi èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú tírélà ṣe àwòkọ́ṣe fún ọkọ̀ bẹntiróòlù yóò ṣìnà.

Ọdún 1962 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti gbìyànjú láti so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tó há afẹ́fẹ́ mọ́ra gan-an. Ní ọdún 1962, General Motors gbé Oldsmobile Jetfire jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn pẹ̀lú tọ́bò. Ẹ́ńjìnì lítà 3.5 ni, ó sì máa ń há afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ ìlọ́po 10.25.

Ìhámọ́ra yẹn pọ̀ jù fún tọ́bò, nítorí náà wọ́n fi táńkì kékeré kan kún un, tó ń wọ́n omi àti ọtí methanol sínú ẹ́ńjìnì láti tù ú lára. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ọkọ̀ náà kò rántí bu omi ọ̀hún sí i. Bí omi bá sì ti tán, ọkọ̀ á dín agbára tọ́bò kù fúnra rẹ̀, á wá dà bí ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn. Wọn kò ṣe é kọjá ọdún 1963. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà bá àwọn oníbàárà tú tọ́bò kúrò.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé Corolla lítà 1.8 ti ọdún 2003 sí 2008, tí tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní títì wa bí iyanrìn, máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ìlọ́po 10. Kò jìnnà sí ti Jetfire. Àwọn tó ṣe é kò sì ro tọ́bò mọ́ ọn rárá.

Ooru tiwa kò jọ ti Yúróòpù

Afẹ́fẹ́ tí a bá há mọ́ máa ń gbóná. Ẹni tó bá ti fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí á mọ bí ẹnu páǹpù ṣe ń gbóná lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí tọ́bò sì fi ìdajì bar kún ìfúnpá rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà lè gbóná dé 90 kó tó wọ inú ẹ́ńjìnì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo intercooler, ìyẹn rédíétọ̀ fún afẹ́fẹ́, tí atẹ́gùn iwájú ọkọ̀ ń tù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí títì Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ wá gbé e dé Òṣòdì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọkọ̀ kò ti kúrò lójú kan, atẹ́gùn wo ló máa tù ú?

Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti ìfúnpá púpọ̀ ló ń mú kí epo gbiná fúnra rẹ̀ kí iná tí púlọ́ọ̀gì ṣá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nígbà náà, bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo, ni àwọn òyìnbó ń pè ní knock. Níwájú àwọn mẹkáníìkì wa, ẹ́ńjìnì tó bá ti “nọ́ọ̀kì” ti kú pátápátá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ẹ kò bá tètè gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó lè fọ́ písítìn kó sì dá ti ìkejì sílẹ̀.

Epo tí kò dára ló máa ń tètè gbiná bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ra kpayo tí kò mọ ohun tí wọ́n lú mọ́ ọn, tó sì tún gbé tọ́bò sórí ẹ́ńjìnì, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá wàhálà. Ní ti gáàsì CNG tí ìjọba Nàìjíríà ń polongo láti ọdún 2023, kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ bíi bẹntiróòlù, tọ́bò sì bá a lára mu. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀tọ̀ gedegbe nìyẹn, pẹ̀lú owó tirẹ̀.

Ibi tí epo ń gbà lọ

Ọ̀nà tí ọkọ̀ onítọ́bò àfikún fi ń jẹ epo sí i kò hàn sójú gbangba, nítorí pé díẹ̀ díẹ̀ ló ń kó ara jọ.

Kí ẹ́ńjìnì má baà nọ́ọ̀kì, wọ́n máa ń sọ iná púlọ́ọ̀gì di èyí tó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́. Ìyẹn nìkan ń dín agbára tí a ń rí nínú epo kù. Wọ́n tún máa ń da epo lé e ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí tọ́bò bá ń tì: dípò kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo kan, ó máa ń wálẹ̀ sí bíi 12, kí epo tó ṣẹ́ kù lè tu inú ẹ́ńjìnì lára. Epo tí ẹ fi owó rà ló wá di omi ìtutù yẹn.

Àwọn mìíràn máa ń pààrọ̀ písítìn kí ìhámọ́ra lè wálẹ̀ láti 10 sí 8.5. Ó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinníà wò ó, bíi ìdá 4 nínú 100 ni yóò lọ nínú èrè tí ẹ́ńjìnì ń rí lára epo, ní gbogbo ìgbà, yálà tọ́bò ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ná owó ńlá lórí agbára tí kò ní fẹ́ lò ó. Ariwo tọ́bò dùn létí, mi ò jiyàn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ á tún fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ yìí ló ń jẹ epo ju gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, báwo lẹ ṣe lè ṣọ́ epo?

Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ tí wọ́n so tọ́bò mọ́ má jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀ nígbà tó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti tọ́bò nìkan.

Tọ́bò kékeré ló yẹ, èyí tó tètè ń yí, pẹ̀lú ìfúnpá tí kò ju 0.3 tàbí 0.4 bar lọ lórí ẹ́ńjìnì tí wọn kò ṣí inú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé tọ́bò ńlá ti ọkọ̀ eré ìje sórí ẹ́ńjìnì kékeré máa ń rí i pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi pariwo, epo á sì ti lọ kó tó dé ibẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọlé, kí ó sì mọ iye epo tí nọ́sù yóò fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so tọ́bò mọ́ ọkọ̀ yín láìtún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ṣe, kí ó wá máa fi etí ṣírò rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní wideband, tó ń ka bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pọ̀ sí nínú èéfín. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi lè dá ọkọ̀ padà sí 14.7 nígbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, kí epo púpọ̀ má baà wọlé àfi nígbà tí tọ́bò bá ń tì gan-an. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn fi nọ́sù ńlá sí, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa mu epo bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ kódà nígbà tó bá dúró lójú kan.

Ẹ tún ra géèjì ìfúnpá, kí ẹ gbé e síbi tí ojú yín á ti rí i. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ òdo, tọ́bò kò tíì máa ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ti kọjá òdo, owó ti ń jó nìyẹn. Ẹni tó bá fi géèjì yìí kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń tètè yí jíà sókè kí ẹ́ńjìnì má sáré jù, máa rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mẹkáníìkì púpọ̀ kì í sọ fún oníbàárà. Orí omi ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà ni irin tó wà láàárín tọ́bò ti ń yí, ibẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an. Ọ́ìlì ayédèrú tàbí èyí tó ti pẹ́ jù á gan mọ́ ọn lára, tọ́bò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín aláwọ̀ búlúù. Bí ẹ bá ti sáré dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á.

Fún àwọn ènìyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ nípa àtúnṣe náà, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún tọ́bò oníná

Wọ́n ń ta fáànù kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú ọjà, tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní tọ́bò oníná. Wọ́n á ní ó ń fi kún agbára, ó sì ń dín epo kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti fi 0.3 bar kún afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì lítà 1.8 tó ń sáré gan-an, ẹ máa nílò bíi kílówáàtì mẹ́rin, agbára tó tó ti jẹnẹrétọ̀ ilé tó tóbi díẹ̀. Lára bátìrì ọkọ̀ oní-12 fóltì, ìyẹn lé ní 300 áḿpù. Wáyà tín-ín-rín tó wà lára fáànù yẹn á ti yọ́ kó tó dé ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ti dán ohun èlò tó lé ní 100 wò, tí àwọn tó ń tà wọ́n sọ pé wọ́n ń dín epo kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣe nǹkan kan, ohun tí wọ́n ṣe náà kò sì tó nǹkan.

Àwọn tó wà ní Jos ńkọ́?

Ibì kan wà tí ẹ̀bẹ̀ tọ́bò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí ojú òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti Èkó lọ ní bíi ìdá 11 nínú 100. Ọkọ̀ tó bá gun òkè dé ibẹ̀ kò lè ní agbára tó ní ní etí òkun. Addis Ababa, tó ga ju mítà 2,300 lọ, tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tọ́bò lè dá afẹ́fẹ́ tó sọnù yẹn padà. Agbára ló sì máa dá padà níbẹ̀ náà, kì í ṣe owó epo.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá epo dín kù

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ géèjì epo. Ẹ bu epo kún táńkì títí páǹpù á fi dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe máa ń wà á, kí ẹ sì padà sí páǹpù kan náà láti bu ú kún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá rin kìlómítà 400, tó sì gba lítà 32, lítà 8 ni ọkọ̀ yín ń jẹ ní kìlómítà 100. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta kí ẹ tó so tọ́bò, ẹ tún ṣe é nígbà mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Ká ní awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ń rin kìlómítà 3,000 lóṣù. Ní lítà 8, ó máa ra lítà 240. Bí ó bá di 9, lítà 270 ni. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, 30,000 náírà ló ti bọ́ lápò rẹ̀ lóṣù kan, láìtíì ka owó tọ́bò, owó intercooler àti owó ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà.

Kí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lọ sí Ládípọ̀, tàbí Suame Magazine ní Kùmásì, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó ti ń tàn níwájú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, èyí tí wọ́n kọ check engine sí. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n á ní kí ẹ má dá a lóhùn. Nígbà mìíràn, sẹ́ńsọ̀ oxygen tó ti kú ló ń tan iná yẹn, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sínú ẹ́ńjìnì láìmọ iye tó yẹ. Ìjọba Amẹ́ríkà, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn onímọ́tò, sọ pé títún irú àléébù ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú kí ìrìn ọkọ̀ lórí epo kan náà fi tó ìdá 40 nínú 100 pọ̀ sí i.